Bí A Ṣe Ń Ra Jákẹ́ẹ̀tì Awọ àti Aṣọ Iṣẹ́ Àtijọ́ ní Ọjà Àbújá, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn, àti Bí A Ṣe Ń Tà Wọ́n

Jákẹ́ẹ̀tì awọ tó bá dé ọjà Wuse tàbí ọjà Mararaba kì í ní ìtàn kankan lọ́wọ́. Inú bélì, ìyẹn ìdì ńlá aṣọ àlòkù, ni ó ti jáde, láàárín kóòtù onírun àti aṣọ ọmọdé, ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀ bóyá ọdún 1958 ni wọ́n rán an tàbí ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ohun tó mú kí òwò yìí lérè nìyẹn, òun náà ló sì mú kí ó léwu, nítorí pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yẹ awọ, síìpù àti lébẹ́ẹ̀lì wò lè ra ohun iyebíye ní owó pọ́ọ́kú, nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi owó gọbọi ra rọ́bà tí yóò bó mọ́ ọn lára kí ọyẹ́ tó kúrò nílẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ẹ má ṣe sanwó fún ohunkóhun tí ẹ kò lè fi ìka tọ́ka sí lára aṣọ náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: àkókò àti ibi tí ẹ ó ti rà

Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni kí ẹ máa rà. Ooru Àbújá ní àkókò yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ fọwọ́ kan awọ, àwọn tó ń ta gwánjò, ìyẹn aṣọ àlòkù, sì máa ń wá bí wọn yóò ṣe rọ́pò jákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú aṣọ fúyẹ́fúyẹ́ tó yá ní títà. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kìíní ni ẹ ó tà, nígbà tí ọyẹ́ bá ti dé, tí àwọn ènìyàn ń lọ sí Jos, tí àwọn tó ti gba físà sì ń wá ohun tí wọn yóò wọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Kánádà. Àwọn tó ń jápa yìí ni oníbàárà tó dára jù lọ ní Àbújá, nítorí pé òtútù ni wọ́n ń sá fún, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí owó bí awọ náà bá nípọn.

Ẹ má ṣe fi bélì bẹ̀rẹ̀. Dídì ni bélì máa ń wà, ẹ kò lè yan inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ó sì lè jẹ́ pé jákẹ́ẹ̀tì méjì péré ni ẹ ó rí nínú rẹ̀ tó tọ́ sí yín. Ohun tó sàn ni kí ẹ bá àwọn tó ń ṣí bélì ní Wuse, Garki, Utako tàbí Mararaba dọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ gba nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pè yín ní ọjọ́ tí bélì jákẹ́ẹ̀tì bá wọlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣà á ló ń mú èyí tó dára. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù tí wọ́n ń dà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá gbọ́ Hausa díẹ̀, tó lè béèrè pé «Nawa ne?» (Èló ni?) kí ó sì ka owó ní èdè náà, yóò rí i pé ìdúnàádúrà máa ń rọrùn ju ti ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba béèrè lọ.

Ọjà Jos dára fún ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ìlú náà wà lókè ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ sí òkun, òtútù rẹ̀ sì jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ máa wọ jákẹ́ẹ̀tì ní tòótọ́. Nítorí ìdí kan náà, àwọn tó ń tà níbẹ̀ mọ iye tó tọ́ sí ọjà wọn.

Ọ̀rọ̀ òfin méjì wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ná owó. Àkọ́kọ́, òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò fàyè gba kíkó aṣọ àlòkù wọlé láti òkè òkun, bí ọjà tilẹ̀ kún fún un. Nítorí náà, ọjà ilé ni kí ẹ máa rà, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti dá bélì tiyín gbé wọlé. Èkejì, ẹ yàgò fún jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé àwọn ológun, àti èyí tó ní àwọ̀ tótòtó. Ní ìlú òkèèrè, ọjà tí wọ́n ń wá kiri ni. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba ará ìlú láyè láti wọ aṣọ ológun, àwọn sọ́jà ojú ọ̀nà Àbújá kò sì ní dúró gbọ́ àlàyé pé ti Amẹ́ríkà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ọwọ́ yẹ awọ wò

Kí ẹ tó wo orúkọ tó wà ní ọrùn aṣọ, ẹ wá ibi tí etí awọ náà ti hàn. Ó sábà máa ń hàn nínú àpò, ní abẹ́ kọ́là, tàbí níbi tí aṣọ inú ti tú ní ìsàlẹ̀. Etí awọ gidi máa ń ní fọ́nrán wúruwùru tí kò létò. Ní etí ayédèrú, ẹ ó rí aṣọ híhun ní abẹ́, pẹ̀lú ìpele rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán gbinrin ní ọjà jẹ́ ti irú èkejì yìí. Polyurethane, irú rọ́bà kan, ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló sì máa ń jẹ polyurethane náà díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó wẹ́wẹ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó, kò sí òróró tàbí ọ̀dà tó lè dá a dúró. Ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ.

Lẹ́yìn etí ni ojú. Ihò irun ara ẹranko kì í tò lẹ́sẹẹsẹ, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ilà kan náà ń padà wá ní ìwọ̀n àyè kan náà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà: awọ gidi máa ń hunjọ yí ìka ká, yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Òórùn náà wúlò, ṣùgbọ́n nínú bélì, gbogbo nǹkan ló ń rùn bákan náà, kánfọ̀ pẹ̀lú ebu. Ẹ má ṣe fọkàn tán ẹ̀kán omi tí àwọn kan máa ń fi dán an wò, nítorí pé awọ gidi tí wọ́n fi ọ̀dà bò kì í fa omi. Ní ti àwọn tó ń mú ìṣáná jáde, ọjà oníǹkan ni wọ́n ń bàjẹ́, ojú iná tí wọ́n fi sílẹ̀ yóò sì dín owó aṣọ náà kù fún ẹnikẹ́ni tó bá rà á lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ pé awọ ni, ẹ wò ó bóyá awọ kí ni. Awọ màlúù ló pọ̀ jù lọ, ó wúwo, ó sì lágbára. Awọ àgùntàn rọ̀ púpọ̀, ó dára lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń ya bí ó bá kọ́ irin. Awọ ewúrẹ́ ní kókó kéékèèké lójú, ó fúyẹ́, kò sì tètè gbó; ẹni tó bá ti gbé ní Kano tàbí Sókótó mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé awọ ewúrẹ́ pupa ilẹ̀ Sókótó, èyí tí wọ́n ń fi èso bàgàrúwá ṣe, ti kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà dé Yúróòpù láti ìgbà pípẹ́, tí àwọn Òyìnbó sì ń pè é ní awọ Morocco nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Awọ ẹṣin ni àwọn olùkójọ ń wá jù lọ. Ó le, ojú rẹ̀ dì, ó máa ń dán bí ó bá ti gbó, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sì ti pọ̀ jù lọ lára jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán kí ọdún 1960 tó pé. Nígbà mìíràn, awọ ẹṣin dúdú máa ń di pupa rúsúrúsú ní ìgbọ̀nwọ́ àti etí àpò, nítorí pé ọ̀dà dúdú náà kò wọ inú awọ. Ọlọ́jà lè rò pé ó ti ṣá, kí ó sì dín owó rẹ̀. Ẹ má ṣe là á lọ́yẹ.

Àbùkù tí kò ní àtúnṣe ni gbígbẹ tó ti dé inú. Ẹ ká ibi kọ́lọ́fín kan, bí abẹ́ apá. Bí ó bá là dé fọ́nrán, tàbí tí ìyẹ̀fun pupa bá yọ sí yín lọ́wọ́, awọ náà ti jẹrà, kò ní gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ inú tó ya, bọ́tìnnì tó já, rírán tó tú, àti síìpù tó bàjẹ́ kò tó ohun tí ó yẹ kí ẹ torí rẹ̀ sá. Àwọn ni ẹ ó fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ọjọ́ orí rẹ̀

Kò sí ẹ̀rí kan tó dá dúró. Síìpù Talon, fún àpẹẹrẹ, ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lára jákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà títí di àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n wọ́n lè yọ ọ́ lára aṣọ kan kí wọ́n sì rán an mọ́ òmíràn, àwọn tó ń ṣe àdàkọ aṣọ àtijọ́ sì máa ń lò ó pẹ̀lú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ síìpù náà: bí ẹ bá rí ihò abẹ́rẹ́ tí òwú kò gbà kọjá, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Lébẹ́ẹ̀lì ló máa ń sọ̀rọ̀ jù lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó sọ ọ́ di dandan pé kí ìlànà fífọ̀ wà lára aṣọ jáde ní 1971, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972; nítorí náà aṣọ Amẹ́ríkà tó bá ní irú lébẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dàgbà ju ìgbà yẹn lọ. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà ń ṣe ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ni wọ́n kọ, ó ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 1990. Bí ó bá jẹ́ Czechoslovakia, kò lè kọjá ìparí 1992. Bí ẹ bá rí lébẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ obìnrin aránṣọ Amẹ́ríkà, ìyẹn ILGWU, ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà dà pọ̀ mọ́ òmíràn ní 1995, nítorí náà aṣọ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọjá ìgbà yẹn.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà RN lára lébẹ́ẹ̀lì wúlò púpọ̀, àwọn tó ń ta gwánjò kì í sì í wò ó. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà yìí. Fún nọ́ńbà tó bá ti 13670 sókè, ẹ yọ 13670 kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi 2635 pín èyí tó kù, kí ẹ sì fi 1959 kún un. RN 40000 yóò fún yín ní nǹkan bí 1969. Ọdún tí ilé iṣẹ́ náà gba nọ́ńbà ni èyí ń sọ, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rán aṣọ. Ohun tó dájú ni pé aṣọ náà kò lè ṣáájú rẹ̀.

Ó tún dára kí ẹ mọ irú jákẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Schott ti New York, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1913, ló ṣe Perfecto ní 1928, jákẹ́ẹ̀tì alùpùpù tí síìpù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá sókè. Dọ́là márùn-ún àti ààbọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Àwọn ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gba A-2, jákẹ́ẹ̀tì awọ àwọn awakọ̀ òfúrufú, ní 1931, wọ́n sì dáwọ́ bíbéèrè fún un dúró ní 1943. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé A-2 ìgbà ogun ni òun ní, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awọ ẹyọ kan ni ẹ̀yìn tòótọ́ máa ń jẹ́, kò sì ní àpò ẹ̀gbẹ́ tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ fún òtútù. Èyí tí ẹ ó rí ní Àbújá máa ń ní àpò náà, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe ti ìgbà ogun. Kò burú láti rà á. Owó A-2 ìgbà ogun ni kí ẹ má ṣe san.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: aṣọ iṣẹ́

Ibi tí èrè ti pọ̀ jù lọ nìyí lójú tèmi, nítorí pé ọlọ́jà máa ń fi ojú àkísà wò ó. Carhartt bẹ̀rẹ̀ ní Detroit ní 1889, ọdún kan náà tí Lee bẹ̀rẹ̀ ní Kansas. Dickies bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní 1922. Kóòtù Carhartt tó ti ṣá, tí kánfáàsì rẹ̀ ti rọ̀, tó ní aṣọ bí kúbùsù nínú, níye lórí ju tuntun lọ fún àwọn olùkójọ kan.

Ní ti jíìnsì Levi's, ẹ wo lẹ́bẹ pupa kékeré ara àpò. Bí E inú orúkọ náà bá jẹ́ lẹ́tà ńlá, ó lè ṣáájú 1971. Ó lè tún jẹ́ àdàkọ tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí náà ẹ wá lébẹ́ẹ̀lì ìfọṣọ nínú. Bí ó bá wà, E ńlá náà kò fi ọjọ́ orí hàn mọ́. Láti 1937 títí dé 1966, wọ́n bo ìṣó àpò ẹ̀yìn mọ́ inú aṣọ, ẹ ó sì fi ọwọ́ kàn án bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àpò náà.

Bélì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé kóòtù irun dúdú kan wá, èyí tí èjìká rẹ̀ jẹ́ awọ tàbí rọ́bà, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà àti awakùsà ń wọ̀. Bí ẹ bá rí NCB lára rẹ̀, àjọ èédú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, orúkọ tí wọ́n lò láti 1947 títí dé 1987. Ti Faransé ni kóòtù aláwọ̀ búlúù tó ní àpò mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti lẹ ẹ́ káàkiri, ẹ má ṣe tú àlẹ̀mọ́ náà, nítorí pé òun gan-an ni oníbàárà ń sanwó lé.

Aṣọ iṣẹ́ ti ilẹ̀ wa ńkọ́? Kò tíì sí ẹni tó ń kó o jọ bó ṣe yẹ. Aṣọ òkè-dé-ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ NEPA sí lẹ́yìn ti wà láàárín 1972, tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀, àti 2005, tí ó di PHCN. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní Kàdúná lè ní ọ̀kan nínú àpótí rẹ̀, wọ́n sì lè ti fi ń nu mọ́tò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ẹ san owó tó yẹ, ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọn yóò ti rò pé òṣìṣẹ́ àjọ náà ni yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó sanwó

Ká sọ pé jákẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦12,000, síìpù àti owó télọ̀ ₦5,000, ohun ìtọ́jú ₦3,000, ọkọ̀ ₦2,000. Ó ti di ₦22,000 kí oníbàárà kankan tó rí i. Bí ẹ kò bá gbà gbọ́ pé ẹnìkan yóò san ìlọ́po méjì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, nítorí pé ó lè lo oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífọ̀ àti ìtọ́jú

Ẹ gbọn eruku rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ sì fi kọ́ sábẹ́ òjìji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ títí òórùn bélì yóò fi dínkù. Oòrùn Àbújá máa ń gbẹ awọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ebu bá wà lára rẹ̀, ẹ pò omi àti fínígà ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti fún dáadáa nù ún, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò níbi tí kò hàn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó fi ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún awọ nù ún, tí ẹ ó jẹ́ kí ó gbẹ, tí ẹ ó sì fi ìpara awọ díẹ̀ pa á. Díẹ̀ ni mo wí.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè nípa òrí. Òrí rọ awọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ nínú ooru oṣù kẹta, yóò sì fa eruku mọ́ra. Àdín àti òróró ìdáná burú jù ú lọ, nítorí pé wọ́n máa ń kan, òórùn wọn kì í sì í lọ. Pólíìṣì bàtà máa ń ran aṣọ ẹni tó bá fara kàn yín. Ayọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kan awọ rárá.

Ní àkókò òjò, ẹ má ṣe fi awọ sínú ọ̀rá tàbí àpótí irin, nítorí ebu. Ẹ fi kọ́ sórí ìfikọ́ tó fẹ̀ ní èjìká, kí ẹ sì fi aṣọ òwú bò ó. Bí awọ bá ya, àwọn aránbàtà Hausa mọ bí a ṣe ń fi awọ ewúrẹ́ Kano lẹ ẹ́ láti inú, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì máa ń mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ télọ̀ lọ, nítorí pé télọ̀ máa ń fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lu ihò tó pọ̀ jù sí i.

Ìgbésẹ̀ keje: títà

Ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní òwúrọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúlé, láìlo iná fóònù: iwájú, ẹ̀yìn, lébẹ́ẹ̀lì, síìpù, etí awọ, àti gbogbo àbùkù. Ẹ má ṣe gbára lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ọrùn rẹ̀, nítorí pé aṣọ àtijọ́ kéré ju ti òde òní lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ wọn àyà láti abẹ́ apá kan dé èkejì, èjìká, apá, àti gígùn ẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ wọ́n ní ínṣì. Èyí nìkan máa ń fòpin sí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí WhatsApp.

Ẹ kọ ohun tí ẹ lè fi hàn, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ lélẹ̀: «ó ṣáájú 1990, nítorí lébẹ́ẹ̀lì Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì» dára ju «ògbólógbòó gidi» lọ. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fẹ́ kí ẹni tó ń ta ohun àlòkù sọ ọ́ ní gbangba pé àlòkù ni. Ẹ má ṣe rán lébẹ́ẹ̀lì aṣọ kan mọ́ òmíràn láéláé. Jìbìtì ni, oníbàárà tó mọ̀ ọ́n yóò sì rí ihò abẹ́rẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń rí i.

Bí oníbàárà bá wà ní Jos tàbí Kàdúná, ẹ lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ wéébìlì láti gáréèjì Jabi, ṣùgbọ́n ẹ ṣí áàpù báńkì yín kí ẹ rí owó náà nínú àkáǹtì kí ẹ tó gbé e fún awakọ̀, nítorí pé àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ rà á, iye tí ẹ ná sí i, àti iye tí ẹ tà á sínú ìwé kan. Lẹ́yìn sáà ọyẹ́ kan, ìwé náà ni yóò sọ fún yín bóyá awọ ló ń bọ́ yín tàbí aṣọ iṣẹ́.

Èyí tí kò bá tà lẹ́yìn sáà méjì, ẹ tú síìpù, bọ́tìnnì àti ìdè bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn mìíràn, kí ẹ sì ta awọ ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ fún àwọn tó ń rán bàtà àti pọ́ọ̀sì, tí wọ́n máa ń fẹ́ awọ tó ti rọ̀.